Ohun tí Afẹ́fẹ́ Gbọ̀n Sílẹ̀

Yínúsà pè mí láti Ìlọrin lálẹ́ Ọjọ́rú,
ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀ débi pé n kò gbọ́ ìdajì ọ̀rọ̀:
ọ̀nà tuntun gba orí ilẹ̀ bàbá wa ní Gánmọ̀ kọjá,
ìjọba ti sanwó, owó tí ẹnikẹ́ni ò retí.
"Wíńfọ́ọ̀lù ni, ẹ̀gbọ́n! Wíńfọ́ọ̀lù pọ́nńbélé!"
Ó pa fóònù. Ọ̀rọ̀ náà kù sí mi létí bí omi odò.

Tíṣà Gẹ̀ẹ́sì ni mí ní Ṣàárè, ọdún kọkànlélógún rè é;
mo ti fi ẹgba lé ọ̀rọ̀ náà wọ orí ọmọ púpọ̀
láìbi í léèrè rí pé, ọmọ ta ni ọ́?
Mo fa ìwé atúmọ̀ yọ lábẹ́ ibùsùn,
èyí tí ikán ti jẹ A àti B rẹ̀ tán.

Wíńdì: afẹ́fẹ́. Fọ́ọ̀lù: kí nǹkan já bọ́.
Èso tí ìjì gbọ̀n lórí igi ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀
kí wọ́n tó kó owó òjijì sábẹ́ orúkọ rẹ̀.
Wọ́n tún ní, ìtàn ni o, n ò búra sí i,
pé láyé ọjọ́un nílùú wọn, olówó ló ni igbó,
tálákà ò gbọdọ̀ gbé àáké sí igi onígi;
ṣùgbọ́n èyí tí ìjì bá wó, tálákà ló ni ín.
Mo rẹ́rìn-ín. Àṣé lókè òkun náà,
àwọn kan ń dúró de ìjì kí wọ́n tó dáná.

Mo gbé e lọ fún ìyá mi lẹ́yìn ilé,
Mọ̀mínátù, tó ń ṣa èso òrí láti ìgbà èwe.
Èso òrí, ta ló ń ká a? A kì í ká a.
Ó di ìgbà tó bá fúnra rẹ̀ bọ́.
Mo ní, "Ìyá, Òyìnbó ti fún iṣẹ́ yín lórúkọ."
Mo túmọ̀ rẹ̀. Ó ti igi wọnú iná.

"Afẹ́fẹ́ jù ú sílẹ̀. Ó dáa.
Ṣé afẹ́fẹ́ náà ló bẹ̀rẹ̀ ṣà á?
Ṣé òun ló jí ṣáájú ewúrẹ́ Kánmọ́dì,
tó tan àtùpà wọ inú koríko tó ga dé àyà?
Ọdún tí mo lóyún rẹ, mo nawọ́ sí èso,
ohun tí mo bá lábẹ́ ewé tutù, ó sì ń mí.
Èrè ni mo wá lọ. Erè ni mo bá."

Èrè àti erè: àmì ohùn kan ló là wọ́n,
mo máa ń kọ ọ́ sójú pátákó fún àwọn ọmọ.
Ìyá mi ò kọ ọ́ rí.
Ó ti fi ọwọ́ bà á.

Lẹ́yìn ìyẹn, ká sè é, ká sá a, ká fọ́ ọ, ká yan án, ká lọ̀ ọ́,
ká fi omi tútù pò ó títí apá á fi kú,
kí alájàpá Bódé Sáàdú tó fi ìka kan tọ́ ọ wò,
kó ní òrí ọdún yìí ti pọ̀ jù, ìjì ṣeun.

Mo padà sídìí ìwé. Mo wá ọ̀rọ̀
tí wọ́n ń pe ẹni tó bẹ̀rẹ̀.
Mo ṣí i dé ojú ewé ìkẹyìn, n ò rí i.
Bóyá inú A àti B tí ikán jẹ ló wà.

Lóru, ìjì jà wá láti ìhà Odò Ọya.
Gbì. Gbì-gbì. Gbì, lórí koríko.
Yínúsà ti fi àwòrán mọ́tò kan ránṣẹ́ sórí fóònù mi.
Ìyá mi ń ka èso nínú òkùnkùn yàrá kejì,
mo gbọ́ ọ dé mẹ́tàdínlógún,
lẹ́yìn náà mo gbọ́ ìlẹ̀kùn.

Mo wá bàtà mi.